Wákàtí ìṣiṣẹ́ ni, kì í ṣe wákàtí iṣẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń túmọ̀ "engine hours" sí Yorùbá, ẹ bá mi pa "wákàtí iṣẹ́" tì. Wákàtí iṣẹ́ ni ohun tí wọ́n ń kọ sẹ́nu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ́ńjìnnì kì í lọ sí ọ́fíìsì. Ohun tí ẹni tó fẹ́ ra ọkọ̀ ojú omi àlòkù ń wádìí ni pé, látọjọ́ tí wọ́n ti kọ́kọ́ ṣíná fún ẹ́ńjìnnì yìí, wákàtí mélòó ló ti fi ṣiṣẹ́ lápapọ̀? Wákàtí ìṣiṣẹ́ lèmi ń pe ìyẹn, orí ẹ̀ ni mo sì wà.

Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ ògbufọ̀ ní mò ń torí ìró kékeré kan dá ìjà sílẹ̀. Mo ní kó sọ fún mi, ṣé nǹkan kan náà ni ìrìn àti ìrìnnà? Ó rẹ́rìn-ín, ó yí ọ̀rọ̀ padà.

Àwọn tó ń pè é ní "ọjọ́ orí ẹ́ńjìnnì" ló tilẹ̀ ń bí mi nínú jù, torí irọ́ gbuu ni. Kàlẹ́ńdà ló ń ka ọjọ́ orí. Ẹ́ńjìnnì ọdún mẹ́wàá lè má tíì pé wákàtí 200, kí ti ọdún mẹ́ta tó ń kó èrò lójoojúmọ́ sì ti kọjá 2,000. "Wákàtí ìrìn" dùn létí, àmọ́ wọ́n lè so ọkọ̀ mọ́ èbúté kí ẹ́ńjìnnì máa dún, kí wákàtí sì máa gorí wákàtí láìkúrò lójú kan. Ẹnì kan tún ní ká máa sọ pé "wákàtí ìtanná". Ìtànná lojú mi ń kà níbẹ̀, bí ẹni pé ẹ́ńjìnnì fẹ́ yọ òdòdó. Ní ti mítà tó ń ka wákàtí náà, ẹ fi mítà sílẹ̀ bó ṣe wà. Mo rí ẹni tó kọ "òǹkà-àkókò-ìṣiṣẹ́-ẹ̀rọ". Kí ẹ tó pè é tán, wákàtí kan ti kún un.

Ẹ wo fìtílà elépo méjì tí wọ́n rà lọ́jọ́ kan náà. Alaalẹ́ ni wọ́n ń tan ọ̀kan, èkejì ń bẹ lórí ìṣó. Ọjọ́ orí wọn dọ́gba, òwú wọn ò dọ́gba. Èyí tí wọ́n ń tàn, ẹ gbé e rìn o, ẹ gbé e ka orí tábìlì o, òwú ń jó. Bí ẹ bá yí òwú sókè tí iná ń là fòò, wákàtí kan rẹ̀ kì í ṣe ẹgbẹ́ wákàtí kan èyí tí wọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Ẹ má sì rò pé ti orí ìṣó bọ́: epo inú rẹ̀ ti ki, ìdí rẹ̀ ti dípẹtà. Òun ló fà á tí wákàtí tó kéré jù náà fi ń kọ mí lóminú.

Ọkọ̀ ìgbafẹ́ sábà máa ń lo bíi wákàtí 50 sí 100 lọ́dún. Ẹ fi ọdún ọkọ̀ sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ fi ohun tí ẹni tó ń tà á kọ wé e. Ẹ́ńjìnnì inú ọkọ̀ tó ń mu pẹtiróòlù, nǹkan bíi wákàtí 1,500 ni wọ́n máa ń fọkàn sí kó tó di pé wọ́n tú u palẹ̀. Ti dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tọ́jú dáadáa lè dé 5,000.

Mítà ojú dáṣíbọ́ọ̀dù ò tó ẹ̀rí. Òmíràn wà tó jẹ́ pé bí kọ́kọ́rọ́ bá ti wà ní títan, ó ń kà nìyẹn, bí ẹ́ńjìnnì tilẹ̀ kú. Òmíràn ti dá iṣẹ́ sílẹ̀ látọjọ́ pípẹ́. Wọ́n sì lè pààrọ̀ rẹ̀. Inú kọ̀ǹpútà ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kí ẹ lọ. Ẹ ní kí mẹkáníìkì tó mọ irú ẹ́ńjìnnì náà so kọ̀ǹpútà tirẹ̀ mọ́ ọn. Ètò kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń yẹ ẹ́ńjìnnì Yamaha wò ni wọ́n ń pè ní YDS. Yàtọ̀ sí àpapọ̀ wákàtí, á pín in fún yín bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí tó: wákàtí mélòó ló fi rọra ń mí, mélòó ló fi ń sáré, tó ń yí nígbà 5,000 nínú ìṣẹ́jú kan. Òwú gíga àti òwú rírẹ̀ nìyẹn. Kí ẹ ṣáà rí i pé nọ́ńbà ara ẹ́ńjìnnì bá ti orí ìwé mu.

Ẹ́ńjìnnì àtijọ́ tó ń lo kabúrétọ̀ ò sábà ní irú kọ̀ǹpútà bẹ́ẹ̀. Rísíìtì ni kí ẹ béèrè níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni wọ́n ń yí ọ́ìlì rẹ̀ ní wákàtí 100-100 tàbí lọ́dọọdún, nítorí náà ẹni tó ní tòun ti lo 600 yẹ kó ní bíi rísíìtì mẹ́fà nílẹ̀, kí wákàtí tó wà lórí wọn sì máa gòkè bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́. Lẹ́yìn ìyẹn kí wọ́n yọ pulọ́ọ̀gì, kí wọ́n wọn kọ̀ǹpíréṣọ̀n, ìyẹn bí sìlíńdà kọ̀ọ̀kan ṣe ń fún afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ pọ̀ tó. Bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ sí àwọn yòókù ju ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún lọ, ẹ tún inú rò.

Ọkọ̀ kan wà tí mo fẹ́ rà nígbà kan. "Wákàtí iṣẹ́: 212" ni wọ́n kọ sí i, 212 náà ló sì wà lójú mítà. Àmọ́ gíláàsì gbogbo mítà yòókù ti pọ́n bí eyín àgbàlagbà, tirẹ̀ nìkan ló mọ́ kedere, síkúrù tó dì í mú sì ń dán yinrin láàárín àwọn tó ti dípẹtà. Awọ sítíárì ti họ níbi tí àtàńpàkò máa ń sinmi sí. Mẹkáníìkì so kọ̀ǹpútà rẹ̀ mọ́ ọn: 1,486.

Mo bi ẹni tó ń tà á. Ojú ò tilẹ̀ tì í. Ó ní òun ò purọ́, wákàtí iṣẹ́ lòun kọ: iṣẹ́ tí òun fúnra òun ti fi í ṣe látìgbà tóun ti rà á.