Ọmọ ta ni ẹ̀dá yìí? Àlàyé lórí mod àti àwọn ẹ̀dá ìwáṣẹ̀ inú géèmù ogun

Tí èèyàn bá ra aṣọ òkìrìkà lọ́jà, tó rí i pé apá rẹ̀ gùn jù, yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Télọ̀ yóò gé apá, yóò lẹ àpò tuntun mọ́ ọn, ó sì lè yí bọ́tìnnì rẹ̀ padà. Òun kọ́ ló rán aṣọ náà níbẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ ohun tó jáde ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kì í ṣe ohun tó wọlé mọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni mod ṣe jẹ́ nínú géèmù kọ̀ǹpútà. Ilé iṣẹ́ kan ti ṣe géèmù, ó ti tà á. Àwọn tó ń gbá a wá ṣí àwọn fáìlì rẹ̀, wọ́n tún un ṣe bó ṣe wù wọ́n, wọ́n sì fún ẹlòmíì kí tọ̀hún náà lè gbá a bẹ́ẹ̀.

Mod pọ̀ lóríṣiríṣi. Èyí tó jẹ mí lógún ni ti géèmù ọgbọ́n ogun tí àwọn ẹ̀dá ìtàn ìwáṣẹ̀ ti ń bá ọmọ ogun jáde. Èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ nínú wọn ni Age of Mythology, tí Ensemble Studios, ilé iṣẹ́ kan ní Amẹ́ríkà, ṣe, tó sì jáde lọ́dún 2002. Ẹ̀yà mẹ́ta ló wà nínú rẹ̀ nígbà náà: àwọn ará Gíríìsì, àwọn ará Íjíbítì, àti àwọn Norse, ìyẹn àwọn ará àríwá Yúróòpù àtijọ́. Ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ní ọmọ ogun lásán, ó ní akọni, ó sì ní ẹ̀dá ìwáṣẹ̀ tirẹ̀. Ẹ̀dá ìwáṣẹ̀ máa ń fọ́ ọmọ ogun lásán bí ẹní fọ́ ìkòkò. Akọni ni apá rẹ̀ ń ká ẹ̀dá. Ọmọ ogun lásán tó bá sì pọ̀ níye á borí akọni. Owó àti oúnjẹ nìkan kì í ra ẹ̀dá wọ̀nyí, ojúrere òrìṣà ló ń rà wọ́n. Àwọn ará Gíríìsì ń rí ojúrere tiwọn nípa àdúrà ní tẹ́ńpìlì, àwọn ará Íjíbítì nípa kíkọ́ ọwọ̀n ìrántí, àwọn Norse nípa ìjà. Ẹ kíyè sí i pé ọ̀nà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan gbà ń wá ojúrere ti sọ irú èèyàn tí wọ́n jẹ́ fún wa, kí ẹ̀dá kankan tó yọjú.

Ẹni tó bá fẹ́ fi ẹ̀yà tuntun kún géèmù báyìí yóò ṣí fáìlì tí iye ẹ̀mí ẹ̀dá kọ̀ọ̀kan wà, bó ṣe ń yára tó, iye tó ń náni, ohun tí ọwọ́ rẹ̀ lè ṣe. Yíyí nọ́ńbà padà kò le. Yíyí àwòrán padà gba sùúrù díẹ̀. Ohun tó le ni mímọ ẹ̀dá tó yẹ kó bá ẹ̀yà kan rìn. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí ìrísí ni wọ́n ń wò. Wọ́n á mú Minotaur, ẹ̀dá olórí màlúù ti Gíríìsì, wọ́n á kun ún ní àwọ̀ mìíràn, wọ́n á fún un lórúkọ Áfíríkà, wọ́n á ní ó ti parí.

Ìbéèrè mẹ́ta ni mo máa ń bi ẹ̀dá kan kí n tó gbà á wọlé. Ẹnu ta ni ìtàn rẹ̀ ti jáde? Ìgbà wo ni wọ́n ń pa ìtàn náà? Iṣẹ́ wo ló ń ṣe nínú ìtàn náà? Èyí ìkẹyìn ló wúwo jù lójú mi.

Àwọn tó ṣe géèmù yẹn gan-an kò rọ̀ mọ́ ìbéèrè àkọ́kọ́ pinpin. Wọ́n fún Íjíbítì ní ọkùnrin alákeekèé, bẹ́ẹ̀ àwọn ará Bábílónì ló ni ín, ní ilẹ̀ Iraq òde òní. Nínú ìtàn Gilgamesh, akọni ọba àtijọ́ ní ilẹ̀ yẹn, irú wọn ló ń ṣọ́ ẹnu òkè tí oòrùn ń gbà kọjá. Wọ́n fún Íjíbítì ní Roc, ẹyẹ ńlá tó ń gbé erin fò, tó jẹ́ ti àwọn onítàn Lárúbáwá àti Páṣíà. Wọ́n tún fún wọn ní Lefiatani, ẹranko abàmì inú omi, tí a kà nípa rẹ̀ nínú ìwé Jóòbù, tó jẹ́ ti àwọn Hébérù. Ó yé mi ìdí tí wọ́n fi ṣe é. Nínú géèmù náà, Roc ló ń gbé ọmọ ogun kọjá lójú òfuurufú. Àmọ́ ẹni tó bá ń ṣe mod kò ní láti yá ẹ̀dá aládùúgbò bí a ṣe ń yá iyọ̀.

Orúkọ kan náà sì lè jẹ́ ẹ̀dá méjì. Sphinx Íjíbítì, èyí tí wọ́n gbẹ́ sára àpáta ní Giza, orí ọba ló gbé lórí ara kìnnìún, ó dákẹ́, ọlá ọba ló ń fi hàn. Sphinx Gíríìsì, obìnrin ni, ó ní ìyẹ́, ó jókòó sí ẹ̀bá ìlú Thebes, ó ń pa àlọ́ àpamọ̀ fún ẹni tó ń kọjá, ó sì ń pa ẹni tí kò bá já a. Ohun kan náà ni ti dragon: ti Ṣáínà ń mú òjò wá, ti Yúróòpù ń yọ iná lẹ́nu, ó ń ṣọ́ wúrà. Ẹni tó bá lo nọ́ńbà kan náà fún méjèèjì ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn.

Ẹ jẹ́ ká wálé. Mo ti rí mod tí wọ́n pè ní ti «Áfíríkà», tí Anansi, Tokoloshe àti Mami Wata jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun kan ṣoṣo. Anansi, aláǹtakùn ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ inú àlọ́, jẹ́ ti àwọn Akan ní Gánà; Ìjàpá ló dúró sí ipò yẹn lọ́dọ̀ tiwa, òun náà ló bá àwọn baba wa tí wọ́n kó lẹ́rú dé Kúbà, tó ń jẹ́ Jicotea níbẹ̀. Tokoloshe, iwin kúkurú oníjàǹbá, jẹ́ ti àwọn Zulu àti Xhosa ní Gúúsù Áfíríkà. Ti Mami Wata ni ìbéèrè kejì ti wúlò: àwòrán rẹ̀ tí gbogbo ayé mọ̀, obìnrin onírun gígùn tó fi ejò kọ́rùn, wá láti ara àwòrán tí wọ́n tẹ̀ ní Hamburg ní Jámánì láàárín àwọn ọdún 1880. Ẹ̀dá gidi ni lọ́kàn àwọn tó gbà á gbọ́, mi ò bá wọn jiyàn. Ṣùgbọ́n tí mod bá sọ pé ìgbà tí Ọ̀yọ́ ń fi ẹṣin jagun lòun ń sọ, kò sáyè fún àwòrán yẹn níbẹ̀.

Ta ló wá yẹ kó bá ẹ̀yà Yorùbá rìn? Mo fẹ́ràn egbére ju gbogbo wọn lọ. Ẹ̀dá kúkurú tó ń rìn lóru, tó ká ẹní mọ́ra, tó ń sunkún ṣáá. Bí ìyá mi ṣe ń sọ ọ́ fún wa, ẹni tó bá gba ẹní náà lọ́wọ́ rẹ̀ yóò di olówó, bó bá lè fara da ẹkún egbére tí yóò máa tẹ̀ lé e. Egbére kò mọ ìjà. Bí a bá fún un ní kùmọ̀, a ti bà á jẹ́. Nínú mod tèmi, mo ṣe é báyìí: kò sí ẹgbẹ́ tó ni ín, ó kàn ń rìn káàkiri lórí máàpù lóru. Bí ọmọ ogun yín bá gba ẹní rẹ̀, wúrà yóò wọlé gbùà. Lẹ́yìn náà ẹkún á gba ìlú yín kan, àwọn òṣìṣẹ́ yóò sì máa falẹ̀ nídìí iṣẹ́. Ẹni tí ara rẹ̀ kò gbà á, kó dá ẹní padà, wúrà á bá a lọ.

Ti Olúwéré, ọ̀rọ̀ (ìyẹn iwin) inú ìrókò, tún bá irú géèmù yìí mu ju bí mo ṣe rò lọ, nítorí igi gígé ni gbogbo ìlú inú rẹ̀ fi ń dìde. Lọ́dọ̀ tiwa, a kì í ṣàdédé gbé àáké sí ìrókò. Wọ́n ń ṣètùtù kí wọ́n tó gé e. Nítorí náà, ìrókò orí máàpù ń mú igi rẹpẹtẹ wá, ṣùgbọ́n ẹ ó kọ́kọ́ fi ojúrere san ètùtù. Ẹni tó bá gé e láìsan, Olúwéré á jáde sí i, kò sì ní í padà títí ọdẹ yóò fi dé. Ọdẹ ni akọni wa. Ìtàn wa pọ̀ tó jẹ́ pé òun ló ń bá iwin pàdé nínú igbó, ẹnu rẹ̀ kún fún ọfọ̀, ẹ̀rù kì í bà á.

Ẹ̀dá kan wà tí mi ò ní í fi ṣe ọmọ ogun láé: eégún. Ará ọ̀run ni, a kì í fi ọfà pa á kí ara rẹ̀ sùn sílẹ̀ lójú ogun. Kò sẹ́ni tó ń rúbọ fún Minotaur lónìí, ṣùgbọ́n wọ́n ń bọ Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, níbi tí UNESCO ti fi igbó rẹ̀ sára ohun ìní gbogbo ayé lọ́dún 2005, wọ́n sì ń pe Ṣàngó ní Salvador ní Brazil àti Havana ní Kúbà. Orí ìtẹ́ ni géèmù yìí fi òrìṣà sí, ẹ̀ ń ké pè é, ó ń fún yín lágbára kan. Ipò tó yẹ Ṣàngó nìyẹn, kó ju ẹdùn àrá láti òkè.

Ó ku orúkọ. Tí fáìlì bá kọ «oro» láìní àmì, ta ló máa mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ inú igi ni, tàbí ọrọ̀ tí olówó ní, tàbí oró ejò, tàbí orò ilé? «Eni egbere» lè di ẹni tí egbére jẹ́, kì í ṣe ẹní tó ká mọ́ra. Fọ́ǹtì géèmù àtijọ́ mìíràn kì í gbé ọ tó ní àmì lórí, àpótí òfìfo ló ń hàn. Ẹ kọ orúkọ kan ṣoṣo sínú fáìlì, ẹ ṣí géèmù, kí ẹ wò ó lójú ara yín kí ẹ tó kọ ìyókù. Olúwéré ni mo fi dán tèmi wò.