Ta Ló Ní Kí RNA Polymerase Dúró?

Ẹ bi ọmọ tó ń kọ́ báyọ́lọ́jì ní Abẹ́òkúta, ì báà máa gbé Láfẹ́nwá, ì báà máa wọkọ̀ lọ sí Alábàtà lójoojúmọ́, pé báwo ni sẹ́ẹ̀lì ṣe ń da jíìnì kọ. Kíá ni yóò ṣàlàyé bí RNA polymerase, ẹ́ńsáìmù tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣe ń gun orí DNA, okùn tí jíìnì wà lórí rẹ̀, tó ń kà á lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, tó sì ń kọ ẹ̀dà rẹ̀, RNA, jáde. Ó dáa. Ẹ wá bi í pé ta ló ń sọ fún un pé ibi tó dé yẹn ti tó. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn ti máa ń wojú ara wọn. Mi ò bá wọn wí. Ìbéèrè yẹn pẹ́ kó tó rí ìdáhùn.

Ní nǹkan bí ọdún 1960 ni Samuel Weiss, Jerard Hurwitz àti Audrey Stevens rí ẹ́ńsáìmù náà, kálukú níbi iṣẹ́ tirẹ̀. Ó di 1969 kí Jeffrey Roberts, tó ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ ní Harvard, tó gbá ìdúró rẹ̀ mú. DNA fáírọ́ọ̀sì lambda, èyí tó máa ń kọlu bakitéríà E. coli, ló fi ṣiṣẹ́. Nínú túùbù, ẹ́ńsáìmù ń sá kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Nígbà tó fi purotéènì kan tó yọ lára E. coli kún un, RNA tó jáde kúrú, gígùn rẹ̀ sì bá ti inú sẹ́ẹ̀lì mu. Ó pe purotéènì náà ní Rho. Ọdún yẹn kan náà ni Richard Burgess àti Andrew Travers pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn gbé sigma jáde, èyí tó ń júwe ibi ìbẹ̀rẹ̀. Sigma ló gbayì jù. Lójú tèmi, Rho ló ní ìtàn tó dùn.

Òrùka ni Rho, purotéènì mẹ́fà ló para pọ̀ ṣe é. RNA tó ń jáde ló máa ń dì mú, á sì máa fi agbára ATP, epo sẹ́ẹ̀lì, gùn ún lọ bá RNA polymerase. Nínú E. coli, RNA polymerase ń kọ lẹ́tà bíi 40 sí 80 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí kì í bá sinmi lọ́nà, ta ni yóò bá a? Àwọn àwòrán àìpẹ́ yìí ti dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí wọ́n fi hàn pé Rho lè ti wà lára ẹ́ńsáìmù náà tẹ́lẹ̀, láìní sá tẹ̀lé e.

Àwọn jíìnì mìíràn ò tiẹ̀ nílò Rho. Lẹ́tà G àti C tó wà lára RNA tuntun á wá ara wọn rí, okùn náà á ká, á so mọ́ ara rẹ̀ pinpin, bí ìko tí àwọn aládìrẹ Ìtòkú fi ń di aṣọ kí aró má bàa wọ̀ ọ́. Lẹ́yìn ìdì náà, U ni yóò tò tẹ̀léra, bíi méje tàbí mẹ́jọ. Ìdìmú U àti A tó wà lára DNA kò lágbára. Ẹ́ńsáìmù á dúró díẹ̀ lórí wọn, ìdì á fún, RNA á yọ bọ́.

Ní àwọn ọdún 1970, Charles Yanofsky ní Stanford ń wádìí àwọn jíìnì tí E. coli fi ń ṣe tryptophan, ọ̀kan lára àwọn amino acid tí a fi ń kọ́ purotéènì. Ṣáájú wọn, ó rí àkọsílẹ̀ kékeré kan, amino acid 14 péré, tryptophan méjì sì tẹ̀léra nínú rẹ̀. RNA polymerase á dúró níbẹ̀ de ráíbósóòmù, ẹ̀rọ tó ń ka RNA láti fi ṣe purotéènì, tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Tí tryptophan bá pọ̀, ráíbósóòmù á sáré kọjá, ìdì tó ń fòpin sí iṣẹ́ á so. Tí kò bá tó, ráíbósóòmù á há sórí tryptophan méjì yẹn, RNA á ká lọ́nà mìíràn, àdàkọ á sì máa lọ. Bakitéríà tí kò lójú, tí kò lọ́pọlọ, ló ń ṣe irú ìṣirò yìí!

Tí àwọn èṣinṣin tín-ín-tín tó ń bo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n jù ní Kútọ̀ ńkọ́? Ní 1986, David Gilmour àti John Lis rí i nínú irú wọn pé kí ooru tó dé rárá, RNA polymerase ti jókòó sórí jíìnì hsp70, tó ń gba sẹ́ẹ̀lì lọ́wọ́ ooru. Iṣẹ́ tó tẹ̀lé e fi hàn pé ó ti kọ lẹ́tà bíi 25 kó tó dúró. Ooru dé, ó gbéra.

Ìdúró tipátipá náà wà. Ẹni tó ti gba oògùn ikọ́ fée ní Ìdí-Àbà mọ Rifampicin, torí bó ṣe ń mú kí ìtọ̀ pọ́n rúsúrúsú. RNA polymerase bakitéríà ló ń lẹ̀ mọ́. Lẹ́tà méjì tàbí mẹ́ta, ọ̀nà ti dí. Àmọ́ bakitéríà náà lè yí lẹ́tà díẹ̀ padà nínú rpoB, jíìnì tó ń ṣe apá kan ẹ́ńsáìmù yìí, kí oògùn má lè dì í mú mọ́. Ìyípadà yẹn ni ẹ̀rọ GeneXpert ń wá nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, èsì rẹ̀ sì máa ń jáde láàárín nǹkan bíi wákàtí 2.