Ẹyin Pẹ́pẹ́yẹ Tó Ti Kú Kí Ìyá Rẹ̀ Tó Sàba

Bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́ ní Abuja, ní nǹkan bí ìparí oṣù kẹta, àwọn tó ń sin pẹ́pẹ́yẹ sẹ́yìnkùlé a máa pè mí lemọ́lemọ́, ọ̀rọ̀ kan náà ni wọ́n sì máa ń sọ: ẹyẹ ti sàba lé ẹyin 15 fún ohun tó ju oṣù kan lọ, ọmọ 3 péré ni ó jáde. Àwọn mìíràn á tún sọ pé àwọn ti pa ìyá ẹyẹ náà jẹ nítorí pé kò mọ̀ ọ́n sàba. Ó máa ń dùn mí bí mo bá gbọ́ ọ, nítorí pé lọ́pọ̀ ìgbà ẹyẹ náà kò jẹ̀bi. Ẹyin ti bàjẹ́ kí ó tó jókòó lé e.

Ẹyin kan lójúmọ́, tàbí kan ní ọjọ́ méjì, ni abo pẹ́pẹ́yẹ ń yé, kì í sì í sàba títí ẹyin yóò fi tó bíi 10 sí 15. Nítorí náà, ẹyin àkọ́kọ́ lè ti lo ọ̀sẹ̀ méjì nínú ìtẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ibi tó wà bá tutù, ọlẹ̀ inú rẹ̀ yóò kàn máa sùn ni, ṣùgbọ́n bí ooru bá ti kọjá nǹkan bí dígírì 21 Celsius, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ní Kubwa tàbí Gwagwalada nínú oṣù kẹta, abẹ́ òrùlé páànù a máa gbóná kọjá dígírì 35, ti Kano sì tún lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ooru yìí tó láti jí ọlẹ̀, kò sì tó láti tọ́ ọ dàgbà, torí pé nǹkan bíi dígírì 37.5 ni ó ń fẹ́ láìdáwọ́dúró. Bí ó ti ń gbóná lọ́sàn-án tó sì ń tutù lóru ni ọlẹ̀ yóò ṣe máa dàgbà ségesège, tí yóò sì kú.

Ẹ kó ẹyin náà láràárọ̀, kí ẹ fi pẹ́ńsù kọ ọjọ́ sí i lára, kí ẹ sì fi ẹyin bíbọ̀ kan tàbí méjì dípò rẹ̀, kí ẹyẹ má bàa kọ ìtẹ́ náà sílẹ̀. Ẹ má ṣe kó o sínú fíríìjì, nítorí pé òtútù ibẹ̀ pọ̀ jù fún ọlẹ̀. Ohun tí mo máa ń dámọ̀ràn ni ìkòkò méjì tí Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní ìpínlẹ̀ Jigawa, fi gba ẹ̀bùn Rolex ní ọdún 2000, nítorí pé ó ń jẹ́ kí tòmáàtì àti ẹ̀fọ́ pẹ́ nílẹ̀ láìlo iná mànàmáná. A ó gbé ìkòkò kékeré sínú ńlá, a ó ki yanrìn tútù sí àárín wọn, a ó sì fi aṣọ tútù bò ó. Bí omi bá ti ń gbẹ kúrò lára yanrìn ni yóò máa gbé ooru lọ. Ẹ tẹ́ aṣọ gbígbẹ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ fún ẹyin, kí ẹ dojú ṣóńṣó rẹ̀ kọlẹ̀, kí ẹ sì máa yí i sí ẹ̀gbẹ́ kan lójoojúmọ́. Ẹyin kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ 7 lọ níbẹ̀. Nígbà tí òjò bá ti múlẹ̀, tí afẹ́fẹ́ sì kún fún ọ̀rinrin, agbára ìkòkò náà yóò dín kù, ẹ kò sì ní fi ẹyin pamọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ẹyin tó dọ̀tí púpọ̀, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má ṣe fọ̀ ọ́ fún sísàba, nítorí omi a máa gbé kòkòrò àrùn gba inú ihò èèpo wọlé. Kí ẹyin sì lè ní ọmọ nínú, akọ kan tó fún abo 4 tàbí 5.

Nígbà tí abo bá ń já ìyẹ́ àyà rẹ̀ sínú ìtẹ́, tó sì ń fín bí ejò bí ẹ bá sún mọ́ ọn, ẹ kó àwọn ẹyin tuntun náà sábẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lálẹ́. Ẹ gbé ọpọ́n omi tó lè wẹ̀ nínú rẹ̀ sí tòsí, nítorí ìyẹ́ rẹ̀ tó tutù ni ó ń fi ọ̀rinrin sí ẹyin lára, ilẹ̀ wa sì gbẹ púpọ̀ kí òjò tó dúró. Ní ọjọ́ kẹwàá, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì sí ẹyin kọ̀ọ̀kan nínú òkùnkùn: èyí tó ní iṣan pupa bí òwú aláǹtakùn ló wà láàyè. Lẹ́yìn náà, ẹ ní sùúrù. Ẹyin adìyẹ ń gba ọjọ́ 21, ṣùgbọ́n pẹ́pẹ́yẹ ìbílẹ̀ wa olójú pupa, tí àwọn Hausa ń pè ní agwagwa, ń gba nǹkan bí ọjọ́ 35. Mo ti rí ẹyin tí wọ́n dà nù ní ọjọ́ 29, tí ọmọ inú rẹ̀ ṣì wà láàyè.

Fún àwọn ọmọ tó bá jáde, ẹ máa fi àwo tí kò jìn bu omi fún wọn, kí ẹ sì fi èròjà vitamin B3 kún oúnjẹ ọmọ adìyẹ tí ẹ bá ń fún wọn, kí ẹsẹ̀ wọn má bàa rọ. Ẹ má ṣe fún wọn ní kúlíkúlí tàbí àgbàdo tó ti bu. Oró aflatoxin tó wà nínú ẹ̀pà tó bu ni ó pa ọ̀kẹ́ àìmọye tòlótòló àti ọmọ pẹ́pẹ́yẹ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1960, ìwọ̀nba díẹ̀ tí adìyẹ lè fara dà nínú rẹ̀ sì tó láti pa ọmọ pẹ́pẹ́yẹ.