Orúkọ tí a máa ń fò nínú fíìmù, ibẹ̀ gan-an lẹ̀rù ti ń bẹ̀rẹ̀

"Ẹ fò ó jàre, orúkọ lásán nìyẹn." Ohun táwọn èèyàn máa ń sọ nìyẹn tí fíìmù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, tí orúkọ àwọn tó ṣe é ń jáde, yálà nínú pálọ̀ ni o, àbí nínú họ́sítẹ̀lì àwọn ọmọ yunifásítì LAUTECH níbi tí èèyàn mẹ́fà ti ń wo láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo. Tó bá jẹ́ fíìmù ìfẹ́ tàbí ti ẹ̀rín, kò sí wàhálà, ẹ fò ó. Àmọ́ tó bá jẹ́ fíìmù ẹ̀rù, tàbí èyí tí wọ́n ti ń wá apààyàn kiri, ìṣẹ́jú méjì yẹn ni wọ́n ti máa ń tọwọ́ bọ èèyàn láyà, wọ́n á sì fọwọ́ náà síbẹ̀ títí fíìmù á fi parí.

Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ ò le. Tí lẹ́tà bá ti jáde lójú tẹlifíṣọ̀n, ojú á kà á ni, ó fẹ́ o, ó kọ̀ o. Bójú ṣe wà lẹ́nu ìwé kíkà yẹn, kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ etí mọ́, ìró tí wọ́n bá sì fi ránṣẹ́ lásìkò yẹn á kàn wọlé ni, kò ní kanlẹ̀kùn.

Ẹ wo Psycho tí Alfred Hitchcock ṣe lọ́dún 1960. Saul Bass ló ṣe orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Kò sí ọ̀bẹ níbẹ̀, kò sẹ́jẹ̀, kò séèyàn kankan, ìlà gbọọrọ gbọọrọ ló kàn ń sáré kọjá, orúkọ á gé sí wẹ́wẹ́, á tò pọ̀ fún ìwọ̀nba àkókò téèyàn lè fi kà á, á tún gé. Bernard Herrmann tó kọ orin ẹ̀ ò lo ìlù, kò lo fèrè, àwọn ohun èlò olókùn nìkan ló lò, fáólìn àtàwọn ẹ̀gbọ́n ẹ̀, ẹbí gòjé ni kẹ́ ẹ kúkú pè wọ́n, wọ́n sì ń ta á bí ẹni tó ń gé nǹkan. Ibi tó wá dùn sí ni pé lẹ́yìn gbogbo ariwo yẹn, fíìmù náà ò mú ìpànìyàn kankan jáde: obìnrin kan tó jí $40,000 níbi iṣẹ́ ẹ̀ ló ń sá lọ, ó ń wa mọ́tò, ó sùn létí títì, ó lọ pààrọ̀ mọ́tò, ó sì lé ní ìṣẹ́jú 40 kí ọ̀bẹ tó yọ. Ẹ yọ orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ yẹn kúrò, fíìmù olè lásán làwọn èèyàn á rò pé àwọn ń wò. Ìró tí wọ́n ti gbọ́ ni ò jẹ́ kí wọ́n lè fara balẹ̀.

Ìró tún lè da ohun tí ojú ń rí rú pátápátá. Títì ló wà níbẹ̀rẹ̀ The Shining, ti ọdún 1980: òkè àti adágún omi ní Montana, ní Amẹ́ríkà, mọ́tò Volkswagen aláwọ̀ yẹ́lò kan, èyí tá à ń pè ní Ìjàpá níbí, ń lọ jẹ́jẹ́, kámẹ́rà sì ń tẹ̀ lé e látòkè. Ibẹ̀ rẹwà gan-an. Àmọ́ orin tó wà lábẹ́ ẹ̀, Dies Irae ni, orin ìsìnkú àwọn Kátólíìkì láti ayébáyé, wọ́n wá fi ẹ̀rọ kọ ọ́ kó lè máa kérora. Ẹni tí ò gbọ́ orin yẹn rí gan-an, ara ẹ̀ á ti sọ fún un pé ẹni tó wà nínú mọ́tò yìí ò gbọ́dọ̀ débi tó ń lọ. Ẹ gbé e wá sílé: ẹ fi dúróònù ya títì Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ látòkè, bọ́ọ̀sì kékeré kan ń lọ, igbó lọ́tùn-ún lósì. Tẹ́ẹ bá fi jùjú sí i, wọ́n ń lọ síbi ìgbéyàwó nìyẹn. Ẹ yọ jùjú, ẹ fi ìró kan ṣoṣo tó wúwo, tó wà nísàlẹ̀, tí ò sinmi sí i, kò sẹ́ni tí ò ní máa wo iwájú bóyá tírélà ń bọ̀.

Ti Halloween lọ́dún 1978 rọrùn jùyẹn lọ, elégédé kan tí wọ́n gbẹ́ ojú sí, iná ń jó nínú ẹ̀, kámẹ́rà kàn ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. John Carpenter tó darí fíìmù náà ló kọ orin ẹ̀, márùn-ún márùn-ún ni wọ́n ń kà á dípò mẹ́rin mẹ́rin tí ara ti mọ̀, ẹsẹ̀ tó bá fẹ́ bá a rìn á máa kọ. Ti Alien, ọdún kan lẹ́yìn ẹ̀, ìlà kan níbí ìlà kan lọ́hùn-ún ni wọ́n fi kọ àkọlé ẹ̀, ó sì pẹ́ kéèyàn tó mọ̀ pé lẹ́tà ni.

Àmọ́ èyí táwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí ò yéé sọ̀rọ̀ ẹ̀ ni Se7en, fíìmù David Fincher, 1995. Kyle Cooper ló ṣe orúkọ ìbẹ̀rẹ̀ tiẹ̀. Wọ́n ha lẹ́tà sára ọ̀já fíìmù dúdú ni, bí àwọn tó ń fín igbá ní Ọ̀yọ́ ṣe ń fi ọ̀bẹ ha ara igbá kí inú ẹ̀ lè yọ, ojú ibi tí wọ́n ha yẹn niná wá ń gbà kọjá. Torí ọwọ́ ni wọ́n fi ṣe é, ìkan ò bá ìkejì mu, lẹ́tà ń gbọ̀n, ó ń fò, bíi pé ẹni tó kọ ọ́ ò tíì sùn láti ọjọ́ mẹ́ta. Láàárín ẹ̀, ọwọ́ ẹnì kan lẹ ó máa rí, ẹ ò ní rójú ẹ̀: ó ń fi bíléèdì bó awọ orí ìka ẹ̀ kó má bàa fi ìtẹ̀ka sílẹ̀, ó ń rán ìwé pọ̀, ó ń gé fọ́tò, gbogbo ẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó ń ṣa ìrẹsì. Sùúrù yẹn ló ń dáyà já mi, kì í ṣe bíléèdì. Ohun tí ò sí níbẹ̀ náà tún níṣẹ́ tó ń ṣe o. Kevin Spacey tó ṣe apààyàn náà, wọn ò kọ orúkọ ẹ̀ síbẹ̀rẹ̀ rárá, ìparí ni wọ́n tó kọ ọ́, torí tí wọ́n bá kọ ọ́, gbogbo ìgbà tẹ́nì kan bá ti ṣílẹ̀kùn làwọn èèyàn á máa wò bóyá òun nìyẹn. (Tẹ́ẹ ò bá tíì wò ó, ẹ má bínú, ó ti pẹ́ tó jáde.)

Nísìnyí ọ̀pọ̀ fíìmù ti kó orúkọ lọ sẹ́yìn, wọ́n á pa ẹnì kan ní ìṣẹ́jú mélòó kan àkọ́kọ́, àkọlé á wá jáde gbàà. Ó ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ẹ̀rù tó yára wọlé náà máa ń yára jáde.

Níbí, lẹ́tà gan-an ló máa ń kọ́kọ́ dá àwọn edítà láàmú. Fọ́ǹtì ẹ̀rù ọ̀fẹ́ tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, èyí tẹ́jẹ̀ ń kán lára ẹ̀ yẹn, púpọ̀ nínú wọn ò ní ẹ, ọ àti ṣ, ká má tíì sọ àmì ohùn. Ká ní àkọlé fíìmù ni Ọkọ̀ Òkú, ohun tó máa jáde ni OKO OKU, ẹnì kan á kà á sí oko òkú, ẹnì kejì á ní ọkọ òkú ni, kí wọ́n tó jiyàn ẹ̀ tán ẹ̀rù ti bá ẹsẹ̀ ẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó sàn kéèyàn fọwọ́ kọ ọ́ sórí pépà, kó yà á, kó gbé e sórí kọ̀ǹpútà.

Ìlù náà ńkọ́? Dùndún ò lè jẹ́ ìró lásán létí wa, ọ̀rọ̀ ló ń sọ. Edítà tó bá lọ gé oríkì tí wọ́n fi ki ọlọ́jọ́ ìbí sábẹ́ fíìmù ẹ̀rù, ẹ̀rín ló máa pa wọ́n nínú pálọ̀. Àmọ́ tónílù bá fi kìlọ̀, tí wọn ò sì túmọ̀ ẹ̀, àwọn tó gbọ́ ọ á ti mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀, àwọn tí ò gbọ́ ọ á kàn rí i pé ìyá àgbà ti dákẹ́. Bàtá ò tiẹ̀ nílò ọ̀rọ̀, ọmọ tó bá ti gbọ́ bàtá eégún rí mọ̀ pé atórí ń bọ̀ lẹ́yìn ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀ á ti máa wá ọ̀nà kí eégún tó yọ.

Ẹ jẹ́ ká fi gbogbo ẹ̀ ṣe ìkan. Ká ní fíìmù Ògúnlọlá ni, ọdẹ tó tẹ̀dó sábẹ́ igi àjàgbọn, tí ìtàn ní ó pa Ẹlẹ́mọ̀ṣọ́ tó ń yọ Ọ̀yọ́ Ilé lẹ́nu, tó gbé orí ẹ̀ lọ fún Aláàfin, tí wọ́n sì ní ibẹ̀ lorúkọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti wá. Gbogbo ọmọ ìlú ló mọ̀ ọ́n, torí ẹ̀, ẹ má fi orí hàn. Ẹ bẹ̀rẹ̀ nínú òkùnkùn, ẹsẹ̀ ẹnì kan ṣoṣo lórí ewé gbígbẹ. Orúkọ àkọ́kọ́ jáde, kékeré, nísàlẹ̀ lápá òsì, kójú lè lọ síbẹ̀, bójú bá ṣe débẹ̀ kí nǹkan kọjá lápá ọ̀tún. Orúkọ kejì. Ọsán ọrun tí wọ́n ń fà, ẹ sún mọ́ ọn débi pé èèyàn á gbọ́ bó ṣe ń han, ẹ má sì jẹ́ kó ta ọfà náà. Aṣọ funfun tí wọ́n fi ń di nǹkan roboto kan, ìdí ẹ̀ ń rin díẹ̀díẹ̀, ẹ gé e kúrò kójú tó dá a mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí àyè tó wà láàárín orúkọ bára mu, ìkan á dúró fún ìṣẹ́jú àáyá 4, ìkan 6, ìkan 2, torí etí tó bá ti mọ ìgbà tí nǹkan ń bọ̀ kì í já mọ́. Orúkọ dáírẹ́kítọ̀ ló máa ń kẹ́yìn, tó bá ti jáde, ẹ pa gbogbo ìró, ẹ jẹ́ kó dákẹ́ títí á fi fẹ́ẹ̀ pọ̀ jù. Ilẹ̀ wá mọ́, àkùkọ kọ, ìyàwó ilé kan ń gbálẹ̀, ó ń kọrin, aṣọ funfun kan sì ń gbẹ lórí okùn lẹ́yìn ẹ̀. Kò sẹ́ni tó máa wo obìnrin yẹn.