Àròpọ̀ fọ́nrán ni, kì í ṣe ònkà okùn

Ẹni tó kọ́kọ́ ní "ònkà okùn" ni kí á máa pe tíréèdì káǹtì (thread count), iye tí wọ́n ń kọ sára bẹ́ẹ̀dìṣíìtì láti sọ bí fọ́nrán inú rẹ̀ ṣe pọ̀ tó, ẹ bá mi bi í: okùn wo? Èyí tí wọ́n fi ń so ewúrẹ́ mọ́lẹ̀ ni, àbí èyí tí wọ́n fi ń fami nínú kànga? Mo ti rí i lẹ́ẹ̀mejì báyìí lábẹ́ àwòrán aṣọ bẹ́ẹ̀dì, tí àwọn ènìyàn ń yìn ín pé ó jinlẹ̀. Kò jinlẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi okùn hun bẹ́ẹ̀dìṣíìtì, àpò kòkó ló hun yẹn.

Àwọn mìíràn ní "iye òwú". Ìyẹn sàn díẹ̀, àmọ́ ẹ gbé e lọ sí Gbági, ọjà aṣọ Ìbàdàn, kí ẹ wò ó. Ẹ dúró níwájú ìsọ̀ kan, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, kí ni iye òwú aṣọ yìí?" Owó ni wọ́n máa dá yín lóhùn. Òwú gan-an ti ṣiṣẹ́ jù nínú èdè wa. Èyí tó wà lóko, òwú ni. Èyí tí nọ́ọ̀sì fi ń nu ojú abẹ́rẹ́, òwú ni. Èyí tí télọ̀ fi ń ránṣọ, òwú ni. Aṣọ tó wá jẹ́ pọ́líẹ́sítà látòkè délẹ̀, tí kò ní òwú kankan lára, báwo la ṣe fẹ́ ka iye òwú tiẹ̀? Ọ̀rẹ́ mi kan tó jẹ́ tíṣà ní Mọ́níyà tún dábàá "kíki aṣọ". Mo ní ẹ̀kọ ló ń ki, ọbẹ̀ ló ń ki. Kò tíì dá mi lóhùn.

Èmi, "àròpọ̀ fọ́nrán" ni mò ń pè é, mi ò sì ní yí i padà. Fọ́nrán ò ní wàhálà: à ń sọ fọ́nrán irun, à ń sọ fọ́nrán òwú. Àròpọ̀ ni wọn kì í fẹ́ gbọ́. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ ìṣirò ọmọ iléèwé ni. Ìdí tí mo fi mú un gan-an nìyẹn! Kò sí ẹni tó ń ka nǹkan ọ̀hún láti ení dé ẹgbẹ̀rún. Ẹni tó bá ti dúró wo àwọn ahunṣọ Ìsẹ́yìn rí ti mọ̀: òwú òòró ni wọ́n kọ́kọ́ ń ta, wọ́n á nà án síwájú gbọọrọ, wọ́n á gbé òkúta tì í kó lè le, ọ̀kọ̀ ló wá ń gbé òwú ìbú gba àárín wọn lọ, tó ń gbé e bọ̀. Aṣọ ẹ̀rọ náà, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ẹ mú ínǹṣì kan lóròó, ínǹṣì kan níbùú, ẹ ka fọ́nrán òòró tó wà nínú rẹ̀, ẹ ka ti ìbú, ẹ rò wọ́n pọ̀. 100 lóròó, 100 níbùú, 200 nìyẹn. Ẹni tó bá sì ti mọ̀ pé àròpọ̀ ni, ó ti mọ ibi tí ojóró máa gbà wọlé: kí ni wọ́n rò mọ́ ọn?

Ká ní ìyàwó yín lọ dirun. Olójú 12 lẹ jọ sọ. Ojú kọ̀ọ̀kan, ìpín irun mẹ́ta ni onídìrí ń lọ́ mọ́ra wọn, bó ṣe máa ń rí níbi gbogbo. Nígbà tó kan owó, ó ní ojú 36 lòun dì, torí ìpín mẹ́ta ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìjà ló máa dà. Aṣọ tí ẹ ń rí tí wọ́n kọ tíréèdì káǹtì 1000 sí lára, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni púpọ̀ nínú wọn. Wọ́n á mú fọ́nrán tẹ́ẹ́rẹ́ mẹ́rin, wọ́n á lọ́ wọn pọ̀ di ẹyọ kan, wọ́n á fi hun aṣọ 250, wọ́n á wá ka ohun tó wà nínú lílọ́. Ìlànà ìdíwọ̀n tí wọ́n ń pè ní ASTM D3775 ní ẹyọ kan ṣoṣo ni fọ́nrán tí wọ́n lọ́ pọ̀, iye yòówù kó wà nínú rẹ̀. Ní 2005, àwọn òṣìṣẹ́ àjọ FTC, tó ń ṣọ́ ọ̀rọ̀ òwò ní Amẹ́ríkà, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé ó ṣeé ṣe kí irú kíkà bẹ́ẹ̀ ṣi oníbàárà lọ́nà. Wọn ò ṣíwọ́. Tí ẹ bá ti rí i tó kọjá 600, ẹ fura.

Èmi tí mo ń jà lórí ọ̀rọ̀ yìí náà, wọ́n ti tà á fún mi rí. Lọ́dún tó kọjá, ní Gbági Tuntun, ọmọbìnrin kan ní, "Dádì, 1500 nìyí o, ẹ fọwọ́ kàn án." Mo ní 1500 kí ni? Ó ní tíréèdì káǹtì. Mo ní kí ló túmọ̀ sí? Ó rẹ́rìn-ín: "Pé kì í tètè gbó ni, Dádì." Aṣọ náà ń dán, ó ń yọ̀ lọ́wọ́. Mo sanwó. Oṣù kẹta ni. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn iná lọ, fáànù dúró, ìgbà tí màá fi ta jí, aṣọ ti lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn bí ọ̀rá mọ́ínmọ́ín. Ilẹ̀ mọ́, mo fa fọ́nrán kan yọ létí rẹ̀, mo ṣáná sí i. Òwú tó bá jó máa ń rùn bíi bébà, eérú rẹ̀ á fẹ́lẹ́. Èyí yọ́, ó kóra jọ, ó di kóró dúdú kan tó le bí òkúta. Pọ́líẹ́sítà pọ́ńbélé. Kìlógíráàmù kan òwú lè fa nǹkan bíi 80 gíráàmù omi sára látinú afẹ́fẹ́ láìjẹ́ pé ẹ mọ̀ pé ó tutù. Pọ́líẹ́sítà ò fà ju bíi 4 lọ. Ara yín ni òógùn yòókù ń dúró sí.

Bí wọ́n ṣe hun aṣọ ṣe pàtàkì ju iye lọ. Percale, fọ́nrán á gorí ọ̀kan, á wọ abẹ́ ọ̀kan: ó ń le díẹ̀ bíi ṣẹ́ẹ̀tì tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀, afẹ́fẹ́ sì ń rọ́nà gbà. Sateen, á gorí mẹ́rin kó tó wọ abẹ́ ọ̀kan: ó ń dán, ó ń móoru, èékánná ẹsẹ̀ sì ń tètè fà á yọ. Fún Ìbàdàn, percale òwú, 200 sí 300. Ẹ jẹ́ kí sateen dúró de ọyẹ́. Ìyókù, ọ̀rọ̀ àwọn tó ń tajà ni. Ẹ má tilẹ̀ dá mi dúró lórí "aṣọ ọparun": kẹ́míkà ni wọ́n fi ń yọ́ igi rẹ̀ di oje kí wọ́n tó fà á di fọ́nrán. Kò sí ọparun kankan níbẹ̀ mọ́.

Ọjọ́ kejì, mo gbé rúlà lé aṣọ téru tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi, àdìrẹ Ìbàdàn Dùn tí wọ́n ya òpó Mápó sí, mo fi kámẹ́rà fóònù fà á mọ́ra. Nínú ìdámẹ́rin ínǹṣì, 17 lóròó, 16 níbùú. Ẹ sọ wọ́n di ìlọ́po mẹ́rin: 68 àti 64. Àròpọ̀, 132. Orí rẹ̀ ni mò ń sùn látìgbà yẹn. Ti 1500 la fi ń bo mọ́tò.