Ọ̀nà Tí Ẹ̀kúnwó Oṣù Ń Gbà Láti Àgódi Dé Bódìjà

Ní ọjọ́ 29 oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bọ́lá Tinúbú buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù tó kéré jù lọ ní Nàìjíríà di ₦70,000, láti orí ₦30,000 tó ti wà láti ọdún 2019. Kí ọdún 2024 tó parí, ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ kéde pé ₦80,000 ni tiwọn yóò jẹ́. Ní Ìbàdàn, irú ìròyìn bẹ́ẹ̀ kì í pẹ́ tàn. Àwọn òṣìṣẹ́ Sẹkitéríátì ní Àgódi á máa ṣírò ohun tí yóò kù lẹ́yìn tí wọ́n bá ti yọ owó kọpuréétìfù, onílé á máa ṣírò owó ilé, àwọn ọlọ́jà Bódìjà náà á máa ṣírò tiwọn.

Kì í ṣe gbogbo òṣìṣẹ́ ni òfin náà bá wí. Ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 25 kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tí kì í ṣiṣẹ́ ọjọ́ pé, ẹni tó ń gba kọmíṣàn, ẹni tí wọ́n ń sanwó fún gẹ́gẹ́ bí iye ohun tó bá ṣe, àti alágbàṣe oko tó ń ṣiṣẹ́ ìgbà-dé-ìgbà, òfin yọ gbogbo wọn sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀, àkọsílẹ̀ àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀ fi hàn pé nínú ènìyàn 100 tó ń ṣiṣẹ́ ní orílẹ̀-èdè yìí, ó ju 90 lọ tí iṣẹ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ àdáni tàbí iṣẹ́ kéékèèké tí kò sí nínú ìwé ìjọba. Télọ̀ tó wà ní Mọ́kọ́lá, awakọ̀ Micra tó ń ná Ìwó Road sí Dùgbẹ̀, ìyá tó ń ta èlùbọ́ ní Ọjà Ọba: ta ni yóò san owó oṣù fún wọn? Síbẹ̀, ẹ̀kúnwó náà ń kàn wọ́n.

Ọwọ́ ẹni tó ń náwó ló ti ń kàn wọ́n. Akọ̀wé kékeré tàbí ẹni tó ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kì í lọ fi owó tí wọ́n fi kún tirẹ̀ ra dọ́là. Yóò san gbèsè àwìn tó jẹ oníràìsì, yóò fi kún owó àjọ, yóò ra ẹja sínú ọbẹ̀ tí kò ti sí ẹja tẹ́lẹ̀. Inú ìlú ni owó náà ń yí sí. Ìbàdàn sì ti jẹ́ ìlú òṣìṣẹ́ ìjọba láti ìgbà tó ti jẹ́ olú ìlú Ìwọ̀-Oòrùn. Níbẹ̀ ni ìjọba Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti sọ owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ tó kéré jù di ṣílè márùn-ún lójúmọ́ ní ọdún 1954. Ní 2015, tí ọ̀pọ̀ ìjọba ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà jẹ òṣìṣẹ́ wọn lówó oṣù, àwọn ọlọ́jà tí kò gba owó oṣù rí láyé wọn wà lára àwọn tí ìyà náà jẹ jù.

Àwọn kan máa ń sọ pé asán ni gbogbo rẹ̀, pé bí wọ́n bá ti fi kún owó oṣù, ọjà náà á gbówó lórí, kálukú á sì padà síbi tó wà. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò ó. Ká sọ pé ilé búrẹ́dì kan wà ní Olúyọ̀lé, tó jẹ́ pé nínú ₦100 tó ń ná, ₦15 ni owó òṣìṣẹ́, tí ìyókù jẹ́ fùláwà, ṣúgà, dísù àti owó ọkọ̀. Bí ọ̀gá bá fi ₦20 kún ₦100 kọ̀ọ̀kan tó ń san fún òṣìṣẹ́, ₦3 péré ni ìnáwó rẹ̀ fi lọ sókè. Bí búrẹ́dì bá wá fi ìdajì wọ́n sí i, orí fùláwà àti dísù ni kí a lọ wò. Yíyọ tí wọ́n yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù lóṣù Karùn-ún ọdún 2023, àti bí náírà ṣe já wálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, ló gbé ọjà sókè. Lóṣù tí wọ́n buwọ́ lu ₦70,000 yẹn, ọ̀wọ́n gógó ọjà ti lé ní 33 nínú 100 lọ́dún. Ọjà ló wà níwájú, owó oṣù ló ń lé e.

Àwọn àgbà á ní kí a rántí Udóji. Ìgbìmọ̀ tí Jerome Udoji darí ló dábàá ẹ̀kúnwó ńlá fún òṣìṣẹ́ ìjọba ní 1974, ìjọba sì san owó àwọn oṣù tó ti kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ní ìbẹ̀rẹ̀ 1975. Owó rẹpẹtẹ bọ́ sọ́jà lọ́jọ́ kan, ẹrù tí wọ́n fẹ́ fi rà kò pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ aládàáni náà daṣẹ́ sílẹ̀ láti gba tiwọn. Ọ̀wọ́n gógó kọjá 30 nínú 100 lọ́dún náà. Ṣùgbọ́n àsìkò yẹn kan náà ni ìjọba ń ná owó epo rọ̀bì lọ́tùn-ún lósì, kò sì tọ́ kí a di gbogbo ẹrù náà lé òṣìṣẹ́ lórí.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ilé ìwé aládàáni, tí àdúgbò kan kò sí ní Ìbàdàn tí kò ti sí. Ìnáwó ilé ìwé kò dà bíi ti búrẹ́dì, owó olùkọ́ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Olùkọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò tó 25, òfin kò sì kàn wọ́n. Olùkọ́ kan lè máa kọ́ ọmọ ní ìwé kan náà pẹ̀lú olùkọ́ ìjọba tó wà lódìkejì ọ̀nà, kí owó rẹ̀ má tó ìdajì ti ẹnì kejì. Bí onílé ìwé bá fẹ́ san ₦80,000, àfi kó fi kún owó ilé ìwé. Ta ni òbí tó ń san án? Télọ̀ yẹn ni, awakọ̀ yẹn ni, tí kò sí ẹni tó fi kọ́bọ̀ kún tiwọn. Bó bá pọ̀ jù, wọ́n á kó ọmọ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn mìíràn fi ń pa kíláàsì méjì pọ̀, tí wọ́n ń ní kí olùkọ́ kan ṣe iṣẹ́ ẹni méjì, tàbí kí ó máa wá lọ́jọ́ mẹ́ta lọ́sẹ̀. Èyí burú, ọmọ ilé ìwé náà sì ń pín nínú rẹ̀. Ní ọ̀nà mìíràn, bí ìjọba bá ṣí ìgbanisíṣẹ́ olùkọ́, àwọn tó mọṣẹ́ jù ló ń kọ́kọ́ lọ, onílé ìwé tó bá fẹ́ dá wọn dúró gbọ́dọ̀ wá nǹkan fi kún owó wọn. Òfin kò dé ibẹ̀, àmọ́ iye tí òfin sọ ti di ohun tí òṣìṣẹ́ fi ń dúnàádúrà.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní Brazil. Láti 1996 sí 2018, agbára owó oṣù tó kéré jù níbẹ̀ ju ìlọ́po méjì lọ, lẹ́yìn tí wọ́n ti yọ ọ̀wọ́n gógó kúrò. Àlàfo láàárín owó òṣìṣẹ́ dín kù, àwọn tí kò níwèé iṣẹ́ pàápàá sì ń fi iye yẹn ṣe òṣùwọ̀n. Ní South Africa, nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ fi òfin sọ iye tí owó òṣìṣẹ́ oko kò gbọ́dọ̀ kéré sí ní 2003, owó wọn lọ sókè, ọ̀pọ̀ sí i gba ìwé àdéhùn iṣẹ́, ṣùgbọ́n iye àwọn tó níṣẹ́ lóko dín kù. Ìwádìí àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé méjì, David Card àti Alan Krueger, lórí ẹ̀kúnwó irú èyí ní New Jersey ní Amẹ́ríkà, tí wọ́n gbé jáde ní 1994, kò rí i pé iṣẹ́ dín kù. Níbi tí agbanisíṣẹ́ bá ti lágbára láti san ohun tó kéré sí iye tí iṣẹ́ náà tó, ẹ̀kúnwó lè jẹ èrè rẹ̀ díẹ̀ láìlé ẹnikẹ́ni. Níbi tí èrè kò bá sí, iṣẹ́ ló máa jẹ.

Ti ìjọba wá ńkọ́? Bí wọ́n bá gbé ẹni ìsàlẹ̀ sókè, ẹni tó wà lókè rẹ̀ kò ní gbà kí owó wọn bá ara dọ́gba, nítorí náà gbogbo lẹ́fẹ́ẹ̀lì ló máa yí padà. Òfin ilẹ̀ wa sì ní kí a máa tún owó àwọn onífẹ̀yìntì wò bí owó òṣìṣẹ́ bá ti yí padà. Inú owó tí wọ́n ń pín lóṣooṣù ní Àbújá àti owó orí ìpínlẹ̀ ni gbogbo èyí ti ń wá. Bí kò bá tó, títì tí wọn kò tún ṣe, ilé ìwòsàn tí kò sí oògùn àti owó ìfẹ̀yìntì tó ń pẹ́ ló máa ń fara gbá a.

Ohun tó ń ba òṣìṣẹ́ lọ́kàn jẹ́ jù ni bí owó oṣù ṣe ń dúró lójú kan. Ní 1981, ₦125 ni owó oṣù tó kéré jù, ó sì tó nǹkan bí dọ́là 200. ₦70,000 ti 2024 kò tó dọ́là 50. ₦30,000 ra àpò ìrẹsì kan ní 2019, ṣéńjì sì kù. Nígbà tí ₦70,000 dé, kò ra àpò kan tán. Láti 2000 sí 2011 ni ₦5,500 fi wà lójú kan kí ó tó di ₦18,000, tí ọjà kò sì dúró dè é. Òfin 2024 ti dín àkókò àtúnyẹ̀wò kù láti ọdún márùn-ún sí mẹ́ta, tó túmọ̀ sí pé 2027 ló kàn.

Ẹni tí òfin bá wí tí wọn kò san án fún lè gbé ẹjọ́ lọ sí Ilé Ẹjọ́ Iṣẹ́ ti Orílẹ̀-èdè, tó ní ẹ̀ka ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń bẹ̀rù kí iṣẹ́ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í sábà lọ síbẹ̀. Àfi kí àwọn ayẹ̀wòṣẹ́ ìjọba máa wọ ilé iṣẹ́ fúnra wọn, kí wọ́n máa yẹ ìwé owó oṣù wò.