Ọ̀nà tí middleware gbà dé ọwọ́ wa ní Àkúrẹ́

Ìlà kóòdù kan wà tí kò sí ọ̀dọ́ tó ń fi Node.js (ohun tó ń jẹ́ kí èdè kóòdù JavaScript ṣiṣẹ́ láìsí bùráúsà) ṣiṣẹ́ ní àyíká FUTA níbí tí kò ní í ti tẹ̀ rí: app.use. Òun la fi ń ki middleware bọ inú iṣẹ́, ìyẹn kóòdù tó ń dúró láàárín, tó ń yẹ ìbéèrè wò kó tó dé inú áàpù. Àwọn tí mo ń kọ́ ní iṣẹ́ yìí máa ń rò pé láti ọjọ́ tí íntánẹ́ẹ̀tì ti dáyé ló ti wà bẹ́ẹ̀. Rárá o. Inú èdè kóòdù mìíràn ló ti gbéra kó tó dé inú JavaScript, mo sì fẹ́ kí wọ́n mọ ọ̀nà tó gbà, torí ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kì í kàn to àwọn ìlà rẹ̀ bó ṣe wù ú.

Ní 1993, ní ilé iṣẹ́ NCSA tó wà ní Yunifásítì Illinois ní Amẹ́ríkà, Rob McCool àti àwọn mìíràn gbé CGI kalẹ̀. CGI ló jẹ́ kí sẹ́fà (ẹ̀rọ tó ń fi ojú-ìwé ránṣẹ́ sí ẹni tó béèrè) lè pe prógráàmù kan pé kó kọ ojú-ìwé lójú ẹsẹ̀, dípò kó máa gbé fáìlì tó ti wà nílẹ̀ fún ẹni tó béèrè. Ṣùgbọ́n bí prógráàmù náà bá ti dáhùn tán, ó parí nìyẹn. Ìbéèrè tó tẹ̀ lé e á tún jí òmíràn dìde. Bí ojú-ìwé bá sì jẹ́ ogún, ọ̀nà ogún ni wọ́n ti ń yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ẹni tó ń wọlé ti fi ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀ sílẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé ẹyọ kan ti ṣílẹ̀kùn fún olè.

Lójú tèmi, oṣù Kejìlá 2003 ni ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ gan-an. Framework (ohun èlò tí a fi ń kọ́ áàpù) ti pọ̀ nínú èdè kóòdù Python nígbà náà, àmọ́ èyí tó bá bá sẹ́fà yìí ṣiṣẹ́ lè má bá tọ̀hún ṣiṣẹ́. Phillip J. Eby wá kọ àbá kan, PEP 333, ó sì pe àdéhùn inú rẹ̀ ní WSGI: sẹ́fà á pe áàpù, á fún un ní àlàyé ìbéèrè àti ọ̀nà tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ èsì. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àbá yìí náà ló ti ṣàlàyé pé ohun kan lè dúró sí àárín àwọn méjèèjì, kí sẹ́fà rí i bí áàpù, kí áàpù sì rí i bí sẹ́fà. Middleware nìyẹn. Ọgbọ́n yìí wú mi lórí gan-an. Bí ohun tó wà láàárín bá lè jọ ẹni iwájú àti ẹni ẹ̀yìn báyìí, kò sí ohun tó ní kó má di mẹ́wàá lórí ìlà kan náà, kí ẹni tó kọ ọ̀kan má sì mọ ẹni tó kọ èkejì rí.

Ọmọ Àkúrẹ́ tó bá ti wọ ààfin àtijọ́ ti Déjì yóò tètè lóye rẹ̀. Ùà (àgbàlá) inú ààfin náà lé ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì ní iṣẹ́ tirẹ̀: èyí tí wọ́n ti ń búra wà lọ́tọ̀, èyí tí wọ́n ti ń sọmọ lórúkọ wà lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni middleware kọ̀ọ̀kan ṣe ní iṣẹ́ tirẹ̀.

Ní 2007, Leah Neukirchen, ọmọ Jámánì, gbé èrò Eby wọ inú èdè kóòdù Ruby, ó pè é ní Rack. Ó sọ èsì di ohun mẹ́ta péré: nọ́ńbà tó ń sọ bí ìbéèrè ṣe lọ, bíi 200 tàbí 404, àwọn header (àlàyé nípa èsì), àti ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀. Lọ́dún yẹn kan náà ni Blake Mizerany ṣe Sinatra, framework kan nínú Ruby, níbi tí èèyàn ti ń kọ get àti àdírẹ́sì, tí á sì kọ ohun tó fẹ́ ṣe sábẹ́ rẹ̀.

Nígbà tí Ryan Dahl gbé Node.js jáde ní 2009, function (àkójọ kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) kan ṣoṣo ni gbogbo ìbéèrè ń wọ̀, àwọn èèyàn sì ń to if lé if lórí láti mọ ojú-ìwé tí wọ́n ń béèrè. TJ Holowaychuk àti Tim Caswell ló gbé Connect wá ní 2010, tó mú middleware wọ Node.js, Holowaychuk sì kọ́ Express, framework tí app.use wà nínú rẹ̀, lé e lórí. Ẹ jẹ́ ká fi ìkànnì tó ń ta ọjà wò ó:

app.use(express.json())
app.use(yeWo)
app.get('/oja/:oruko', fiHan)

Bí ẹnìkan bá béèrè /oja/isu, ìlà àkọ́kọ́ á ka ohun tó fi ránṣẹ́, ìkejì (yeWo, function tí a kọ fúnra wa) á yẹ̀ ẹ́ wò, ìkẹta (fiHan, tiwa náà) á rí "isu" nínú req.params.oruko. Req (ìbéèrè), res (èsì) àti next (èyí tó ń fi iṣẹ́ lé ẹni tó kàn lọ́wọ́) ló ń dé ọwọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyí tí kò bá dáhùn, tí kò sì pe next, ìbéèrè náà á há sọ́wọ́ rẹ̀, bùráúsà á máa yí lásán. Bí yeWo bá sì bọ́ sábẹ́ app.get, fiHan á ti gbé ọjà síta kí àyẹ̀wò tó kàn án. Níbi tí nǹkan ti ń bàjẹ́ jù nìyí nínú iṣẹ́ tí mo máa ń yẹ̀ wò.

Láíbírì kékeré kan, path-to-regexp, ló ń sọ :oruko yẹn di àwòṣe tí kọ̀ǹpútà lè fi wé àdírẹ́sì. Ní 2024 ni wọ́n rí i pé bí èèyàn bá fi orúkọ méjì sínú apá kan ṣoṣo tó wà láàárín àmì / àti àmì / tó tẹ̀ lé e, bíi /:a-:b, ẹni ibi lè fi àdírẹ́sì gígùn kan dá sẹ́fà dúró. Wọ́n ti tún un ṣe. Ẹ ṣáà rí i pé tuntun lẹ ń lò.

Express já Connect sílẹ̀ ní 2014 nígbà tí ẹ̀dà 4 jáde, ó sì ní Router (ohun tó ń darí ìbéèrè sí ibi tó yẹ) tirẹ̀. Ẹ̀dà 5 dé ní 2024: bí function tó jẹ́ async (tí èsì rẹ̀ kì í dé lójú ẹsẹ̀) bá kùnà, àṣìṣe náà ń lọ fúnra rẹ̀ sọ́dọ̀ middleware tó ń gba àṣìṣe, èyí tó máa ń gba ohun mẹ́rin dípò mẹ́ta. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà lórí 4, ọwọ́ yín lẹ ó fi gbé e dé ibẹ̀: ẹ fi catch mú un, kẹ́ ẹ sì pe next(err).